Garawa Ṣíbí

Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́ta ni ìyá mi fi dáná
fún àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́.
Ìgbà tó fẹ̀yìntì, wọn kò fún un ní aago,
wọn kò fún un ní ìwé tí à ń gbé kọ́ sára ògiri.
Garawa kan ló rù wálé,
ṣíbí ló kún inú rẹ̀ bámúbámú:
ṣíbí tọ́mọ gbàgbé, ṣíbí tó tẹ̀,
ṣíbí tí ẹnu rẹ̀ ti rí ṣákiṣàki.

Ọdún mẹ́sàn-án ni garawa náà fi jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lọ́dún yìí, ojú ìyá mi ń ṣe bàìbàì.
Ó fa gbúre tu, ó ní koríko ni.
Ó bomi rin koríko títí ó fi yọ òdòdó.
Ni mo bá yá òòlù lọ́wọ́ panẹ́bítà kan ní Tákíè,
mo gbé ṣíbí lé ojú irin, mo lù ú pẹlẹbẹ,
adìyẹ sá kúrò lágbàlá.
Mo mú ìṣó, mo ń fi ihò kéékèèké kọ orúkọ ewé sí i lójú,
kí ìka rẹ̀ lè kà á bí ojú bá kọ̀.

"Dúró ná," ni ìyá mi wí. "Kí ló wà léèkù rẹ̀?"
Ẹnìkan ti fi abẹ ha á sára rẹ̀ nígbà kan:
OYÈDÌRAN, FÓÒMÙ KÌÍNÍ.
Ó fi àtàǹpàkò pa á. Ó rẹ́rìn-ín.
"Oyèdìran tí kì í jẹ ẹ̀wà!
Abẹ́ tábìlì ló máa ń dà á sí fún ajá.
Rì í sídìí ewúro."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe pín wọn.
Àwẹ̀ró, tó ń jà nítorí ìrẹsì tó jóná nídìí ìkòkò: ata ṣọ̀ǹbọ̀.
Jọ́láadé, tí wọ́n bí sí Jọ́ọ̀sì,
tó ń fi èdè Haúsá tọrọ omi: ilá.
Orúkọ ewé wà lókè,
orúkọ ọmọ wọlẹ̀ lọ bíi gbòǹgbò.

Ó ku ẹyọ kan. ÀÌNÁ ni wọ́n kọ sí i.
Mo ní, ewé wo ni ká kọ sí tibí?
Kò dá mi lóhùn.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó tì í bọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga,
níbi tí a kò gbin nǹkan kan sí.
Ó di alẹ́ kó tó sọ ọ́:
"Tìsáà kejì ni, nígbà ọyẹ́.
Ẹ̀kọ tí mo pò fún un tutù sínú abọ́."

Láràárọ̀, á bomi rin ewúro, á bomi rin ata,
á rìn dé ibi tí kò sí ewé,
á rọra dà á síbẹ̀.
Ṣíbí náà ti ń dípẹtà.
Mi ò sọ pé omi ń ṣòfò.

Lánàá, ewúrẹ́ ará ilé kejì wọlé,
ó jẹ ilá Jọ́láadé tán pátá.
Ìyá mi gbé ìgbálẹ̀, ó lé e dé títì,
gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ohùn rẹ̀:
"Ṣé o ò mọ̀wé kà ni?"