Pẹpẹ Kẹrin

Ní ṣọ́ọ̀bù Rennie, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Hilltown, ní Dundee,
níbi tí afẹ́fẹ́ odò Tay ti máa ń ti ilẹ̀kùn
kí oníbàárà tó nawọ́ sí i,
èmi ni mo ń to géèmù àlòkù ní gbogbo Sátidé.
Páálí mẹ́rin ni Rennie fi gègé kọ, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ pẹpẹ:
ÌBỌN. BỌ́Ọ̀LÙ. MỌ́TÒ.
Ìkẹrin: ÀWỌN YÒÓKÙ.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ilé wo wá ni ká wò fún géèmù
tí ọkùnrin kan ti ń gbin àlùbọ́sà lọ́sàn-án,
tó bá di alẹ́, a máa bá òkú jà nínú kànga?
Mo gbé e síbí, mo gbé e sọ́hùn-ún.
Àwọn Yòókù ló gbà á,
Àwọn Yòókù tí kì í kọ ọmọ ẹni kankan,
títí pẹpẹ fi tẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn ẹṣin arúgbó.

Ìgbà náà ni Ihò dé.
Ẹyọ kan ṣoṣo, páálí rẹ̀ ti ya.
O wọ ihò, o kú, ó parí: owó, idà, gbogbo rẹ̀ lọ.
O padà wọlé, ihò ti yí yàrá rẹ̀ padà
bí ìyàwó ilé tó tún àga tò láìsọ fún ẹnikẹ́ni.
Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń wọlé wá bi mí:
"Ẹ ò ní nǹkan míì bíi Ihò?"
Rennie wá páálí, ó kọ BÍI IHÒ.
Bó ṣe di ẹ̀yà nìyẹn:
ìbéèrè ẹnu ọ̀nà tó gbé yíǹkì wọ̀.

Ọmọ Ihò bímọ. Ọmọ ọmọ rẹ̀ bímọ.
Òmíràn jogún ikú, kò jogún òkùnkùn;
òmíràn ní ihò, ṣùgbọ́n o ò lè kú níbẹ̀.
Gregor awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní bí idà bá kù sí ọ lọ́wọ́ lẹ́yìn ikú,
ìyẹn kì í ṣe Bíi Ihò, ìdajì Bíi Ihò ni.
Fọlárìn tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní: ta ló fi ọ́ ṣe olórí ẹbí?
Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí títí mo fi pa iná.
Lọ́jọ́ kan Catriona, ọmọ ọdún méjìlá,
gbójú sókè wo páálí, ó ní, "Ta ni Ihò?"
Ó tó ọdún mẹ́rin tí Ihò kan ti gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé.
Orúkọ ń tọ́ka sí bàbá tí kò sí nílé.

Ìyá mi ò gbọ́ nípa ìjà yìí.
Ó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo ọmọdékùnrin inú tẹlifíṣọ̀n
tó kú, tó dé, tó kú, tó dé,
tí kò dàgbà rí.
Ó pòṣé. "Àbíkú lèyí."
Ó bọ́ bàtà kan. "Pè é ní Málọmọ́, bóyá á dúró."

Ní Sátidé mo kọ ọ́ sábẹ́ BÍI IHÒ,
lẹ́tà wẹ́wẹ́, àmì rẹ̀ pé lórí: ÀBÍKÚ.
Rennie bi mí bí wọ́n ṣe ń pè é.
Ó gun òkè níbi tó yẹ kó sọ̀, bí àlejò ní Hilltown.
Gregor sọ ọ́ di "ábìkuu".
Mo fẹ́ tún un ṣe. Mo dákẹ́.
Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń jẹ́ orúkọ mi láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
lórí fọ́ọ̀mù dókítà, mo ti fi gègé fa àmì sí ÀWỌN YÒÓKÙ
kí wọ́n tó wá àpótí tó gbà mí.

Nígbà tó yá Catriona wọlé, kò wo páálí rárá,
ó ní, "Ṣé ábìkuu tuntun ti dé?"
bí ẹni ń bèèrè mílíìkì.

Rennie ti tà á báyìí. Obìnrin kan tó ń ta òwú ló wà níbẹ̀.
Mo yọjú láàárọ̀ yìí.
Ó ti ha ÌBỌN kúrò, ó ti ha MỌ́TÒ.
Ti pẹpẹ kẹrin ló le jù, ó ní; gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ igi.
Òwú àlùkò, òwú aláwọ̀ eérú,
wọ́n jókòó pẹ̀lẹ́ sábẹ́ ÀBÍKÚ.
Ó ní oníbàárà kan ti ń pe irú òwú yẹn bẹ́ẹ̀:
èyí tó máa ń tú, tí a ó tún hun.