Ipasẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́jọ

Fóldà kan wà lórí kọ̀ǹpútà mi ní Ìtòkò,
ÀKÁ ni mo kọ sí i lórí.
Ẹgbẹ̀ta ipasẹ̀ ó lé mọ́kànlá ló sùn sínú rẹ̀:
ti rẹsísítọ̀ tó kéré ju ẹyọ ìrẹsì lọ,
ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta,
ti ẹlẹ́sẹ̀ ọgọ́rùn-ún tó jọ ọ̀kùn lójú mi.
Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé ló wọn púpọ̀ nínú wọn,
pẹ̀lú kálípà onírin kan tí eyín rẹ̀ ti jẹ díẹ̀.
Á há èròjà mọ́ ọn lẹ́nu, á di ojú kan,
á ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀, Mótúnráyọ̀. Má fojú bù ú."
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.
Nígbà tó kú, àwọn ọmọ pín ilé, wọ́n pín ọkọ̀;
kò sẹ́ni tó bèèrè fóldà.

Bámitálẹ̀ dé láti Pólì, ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀:
"Ẹ̀yin mà ṣì ń wọn nǹkan!
Gbogbo rẹ̀ ti wà lójú sánmà.
Ẹ tẹ orúkọ, ipasẹ̀ á já bọ́ bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n,
tòun ti iye owó rẹ̀, tòun ti iye tó kù lọ́jà ní Ṣáínà."
Mo ní, "Ta ló wọ̀n ọ́n?"
Ó ní, "Gbogbo ayé ni."
"Gbogbo ayé wo? Ọmọ ta ni?"
Aṣọ àyálò, mo ní, bí kò fúnni lápá, a ṣoni nídìí.
Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó mọ bí a ti í rẹ́rìn-ín
láì rí àgbà fín ni.

Alhaja Múìbátù ní Ọ̀bàǹtókò fẹ́ ẹ̀rọ ìsàba márùn-ún,
tí yóò máa ṣọ́ ooru lórí ẹyin bí adìyẹ gidi.
Lọ́jọ́ Ẹtì, òjò gba ọ̀nà Lafẹ́ńwá wá,
ó gbé íńtánẹ́ẹ̀tì lọ bí ẹní gbé pàǹtí.
Bámitálẹ̀ tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀: òfìfo.
Wọ́n ní kó tún wọlé; ilẹ̀kùn kò sí.
Mo ṣí àká mi. N ò sọ̀rọ̀.
Ṣùgbọ́n inú mi ń jó.
Mo ya pátákó náà tán lábẹ́ iná jẹnẹrétọ̀,
ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ Ọ̀gá wà láàárín gbùngbùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pátákó dé, aláwọ̀ ewé, ó ń dán.
Mo gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ lé e.
Kò jókòó.
Ẹsẹ̀ mẹ́rin wà lórí bàbà, mẹ́rin wà lóde,
bí ẹni tó wọ bàtà àbúrò rẹ̀.
Mo yí i. Mo tún un yí.
Àwọn tó ń ṣe èròjà náà ti mú un fẹ̀ sí i lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn,
wọn ò ránṣẹ́ sí Ìtòkò.
Lójú sánmà, ẹnì kan tí n kò mọ̀ ti tún un ṣe,
ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ẹ ṣọ́ra, ó ti fẹ̀.

Ẹni tó gbójú lógún fi ara rẹ̀ fóṣì.
Ìyá mi a máa sọ ọ́ nítorí ilẹ̀;
n ò mọ̀ pé ó kan bàbà.

Bámitálẹ̀ kò ní, "Ṣé ẹ rí i?"
Ó mú kálípà tí eyín rẹ̀ ti jẹ,
ó há èròjà mọ́ ọn lẹ́nu, ó di ojú kan
(ta ló kọ́ ọ?),
ó ní, "Mílímítà mẹ́jọ ó dín díẹ̀."
Mo ní, "Díẹ̀ mélòó? Má fojú bù ú."

Wáyà tó tín-ín-rín bí irun la fi ṣe afárá
fún ẹsẹ̀ mẹ́rin tó wà lóde, lórí márààrún,
títí ilẹ̀ fi mọ́ sórí páànù onípatà.
Orúkọ mẹ́ta ló wà lábẹ́ ipasẹ̀ yẹn báyìí nínú àká:
Ṣóbọ̀wálé, Bámitálẹ̀, àti Ẹni-tí-n-kò-mọ̀.

Alhaja ti kó ẹyin sínú ẹ̀rọ.
Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n pa.