Ohun Tí Mo Tẹ̀, Ohun Tí N Kò Tẹ̀

Lọ́jọ́rú ni wọ́n kó fọ́ọ̀mù náà wá bá mi,
méje, nínú ọ̀rá dúdú tí òórùn ẹja ṣì wà lára rẹ̀.
"Ìyá Mọ́yọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ojú ewé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan,
kí fọ́tò wà lókè, kí ìtàn ìgbésí ayé wà nísàlẹ̀.
Ọjọ́ Ẹtì ni ìbúra."
Ọdún kẹtàdínlógún mi rèé ní sẹkitéríàtì Ẹ̀pẹ́.
Káńsẹ́lọ̀ ń wọlé, káńsẹ́lọ̀ ń jáde,
àga mi ò kúrò nídìí fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà.

Wọ́ọ̀dù Kejì, Mọ́mọ̀dù Bàkàrè. Iṣẹ́: oníṣòwò.
Oníṣòwò kẹ̀?
Ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe létí èbúté,
epo dúdú kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ Iléyá.
Lálẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé kú sáàárín ọ̀sà,
tí òjò ń bọ̀, tí àwọn ìyá dúró sórí iyanrìn tí wọn ò lè sọ̀rọ̀,
òun ló tukọ̀ lọ, tó so okùn, tó fà wọ́n wálé.
Mo ní kí n tẹ ìyẹn síbẹ̀.
Ó ní rárá o, "Oníṣòwò ni kẹ́ ẹ kọ. Àwọn ará Èkó ń bọ̀."

Tísà Olúfowóbi ò fi àlàfo kankan sílẹ̀ ní tiẹ̀.
Ó tún so bébà mẹ́rin mọ́ ọn,
lẹ́tà gbọọrọ bí ti ojú pátákó.
Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ní kíláàsì kẹrin!
Mẹ́ta nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun yìí
ló ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ rí, ọwọ́ lókè, nítorí ìsọdipúpọ̀.
Ní báyìí, "Ọlọ́lá Bàkàrè" ni kó máa pè é.
Ó dán an wò lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi, ó wúkọ́.

Àwọn yòókù? Ọ̀kan mú fọ́tò ìgbéyàwó wá, pé kí n gé ìyàwó kúrò.
Ọ̀kan ní ká fi "Alàájì" síwájú orúkọ òun;
Mẹ́kà ṣì ń dúró dè é.

Èmi náà ti ra fọ́ọ̀mù rí.
Wọ́n pè mí sí pálọ̀ kan ní Òkè-Balógun, wọ́n fún mi ní mínírà,
wọ́n ní kí n yàgò fún àgbà.
Mo yàgò. Ẹ má bi mí.

Ti Wọ́ọ̀dù Karùn-ún ló dá ọwọ́ mi dúró.
Ìdáyátù, ọmọ Sáfúrátù tó ń yan ẹja ní Pópó-Ọba.
Ibi tí a kọ "Orúkọ bàbá" sí ṣófo.
Kì í ṣe pé a ò mọ̀ ọ́n. Èéfín kì í ṣeé bò mọ́ inú aṣọ.
Ẹni tó ni imú yẹn, tó ni ẹsẹ̀ tó yà sóde yẹn,
yóò jókòó sórí àga onítìmùtìmù lọ́jọ́ Ẹtì,
yóò pàtẹ́wọ́ bí àlejò.

Mo pè é lórí fóònù. Ariwo ọjà, ariwo ọ̀kadà.
"Ìdáyátù, kí ni mo máa kọ síbi bàbá?"
Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé owó ìpè ti tán.
"Ẹ kọ Sáfúrátù."
Mo ní, "Ìyá rẹ nìyẹn."
Ó ní, "Àbí? Ta ló ta ilẹ̀ ààrò tí mo fi ra fọ́ọ̀mù?"

Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.
Akọ̀wé àgbà wò ó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́ padà,
ó ní bóyá àṣìtẹ̀ ni. Mo ní kì í ṣe àṣìtẹ̀.
Ó jáde lọ kírun Alásárì.

Iná lọ. Wọ́n ń wá dísẹ́ẹ̀lì kiri. Íńkì ń tán lọ.
Nígbà tó fi máa kan Alàájì, lẹ́tà ti di eérú,
Bàkàrè fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé kà.
Ìdáyátù ọmọ Sáfúrátù ló dúdú jù,
torí òun ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ jáde.