Ìwé Ìṣirò Odò Abẹ́ Ilé

Ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán ránṣẹ́ láti Kánádà:
omi aláwọ̀ aró, iná ń tàn nísàlẹ̀ rẹ̀,
àjà lókè omi, yàrá lókè àjà.
"Irú èyí ni mo fẹ́ sábẹ́ ilé wa ní Arówómọlẹ̀.
Làmídì, bá mi bi wọ́n, èló ni?"

Mo ra ìwé ogójì ewé ní Tákìé.
Mo fa ìlà sí i láàárín:
owó tó wọlé, owó tó jáde.

Ẹnjiníà Ọ̀jẹ̀níyì wo ilẹ̀, ó wo ojú mi,
ó kọ iye kan sẹ́yìn páálí sìgá.
Mo ní, "Ẹnjiníà, òdo yìí mà pọ̀ o."
Ó ní, "Odò lẹ ní kí n ṣe.
Odò kì í wá láìní òdo.
Ilé tó máa jókòó lé e lórí, ọ̀tọ̀ nìyẹn."

Ọjọ́ kìíní, ọkùnrin mẹ́fà, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì.
Ọjọ́ kẹrin, ilẹ̀ pupa tán.
Ọjọ́ kẹsàn-án, ọkọ́ dún gbàn-ín,
apá Ọ̀jẹ̀wùmí gbọ̀n dé èjìká.
Àpáta.
Ta ni kò mọ̀ pé orí òkúta la tẹ́ ẹní sí ní Ògbómọ̀ṣọ́?
Ẹni tó wà ní Kánádà ló gbàgbé.

Owó táyà àlòkù, mẹ́rìndínlógún, tí a dáná sun lórí àpáta.
Owó òòlù. Owó òòlù mìíràn.
Owó àtẹ́lẹsẹ̀ Ọ̀jẹ̀wùmí, abẹ́rẹ́ méjì.
Owó ẹ̀bẹ̀ fún tíṣà tí èéfín kun aṣọ funfun rẹ̀ lórí okùn.
Ẹ̀gbọ́n mi rí fídíò, ó ní, "Kí lẹ̀ ń sun níbẹ̀?"
Mo ní, "Owó yín ni."

Àpáta tí a sun, òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sun:
omi tín-ín-rín láti ojú ibi tó ti là,
ó mọ́, ó tutù, ó dé kókósẹ̀, ó dé orókún.
Inú wa dùn. A ti bọ́ lọ́wọ́ onítánkà.
Mo kọ ọ́ sápá owó tó wọlé:
Omi, ọ̀fẹ́.

Ó di ìdájí ọjọ́ kẹta, Ìyá Àyọ̀ká kan ilẹ̀kùn,
korobá lọ́wọ́ kan, okùn kànga lọ́wọ́ kejì.
Okùn náà gbẹ.
Kò pariwo. Ó ní, "O kú iṣẹ́ o.
Kànga tí bàbá ọkọ mi gbẹ́, kò gbẹ rí,
àní lọ́dún tí kaṣú kú lóròó.
Lánàá, korobá mi kan òkúta.
Jọ̀wọ́, jẹ́ n pọn díẹ̀ nínú omi yín."

Omi wa.
Mo gba korobá, mo sọ àkàbà kalẹ̀,
mo pọn omi rẹ̀ fún un nínú ihò wa,
ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Lálẹ́, ẹ̀gbọ́n mi pè. Ó ń jẹ nǹkan; mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.
"Èló ló kù ká tó lẹ táìlì?"
Mo ṣí ìwé. Sìmẹ́ǹtì, igba àpò ó lé méjìlá. Irin.
Ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi, ẹ̀rọ tí yóò máa fọ omi,
ẹ̀rọ tí yóò máa lé ọ̀rinrin kúrò lára ògiri,
jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa gbé àwọn ẹ̀rọ,
dísù tí yóò máa bọ́ jẹnẹrétọ̀.
Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn?"

Mo wo ibi tí mo ti kọ "ọ̀fẹ́".
Mo ti fi bírò pa á rẹ́.
N kò tíì mọ iye tí n ó kọ dípò rẹ̀.
"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ní yóò máa wẹ̀ níbẹ̀?"
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.
Tàbí òun ló já a.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, mo gbọ́ ìró korobá lẹ́nu géètì.
Kì í ṣe ẹyọ kan.
Mo wọ bàtà rọ́bà, mo wá àkàbà lọ.