Bùsúyì, Wọlé Kí O Jókòó

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo wà.
Mo gbọ́ ìró ọ̀kadà rẹ láti ìsàlẹ̀ òkè,
ó ń wúkọ́ bí arúgbó tó fẹ́ràn tábà,
mo sì rán Ọmọ́yẹni síta.
Ọmọ ọdún mẹ́fà,
kò tíì mọ bí a ṣe ń di ẹrù irọ́:
"Yèyé mi ní kí n sọ pé àwọn ò sí nulé."
O rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ.
Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju owó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo gbà,
mo la oko Fáṣakin kọjá,
mo jókòó sábẹ́ igi kòkó títí ilẹ̀ fi ṣú,
èmi ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin,
tí wọ́n ń pè kà Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì,
kòkòrò ń jẹ mí lẹ́sẹ̀,
fóònù ń gbọ̀n lápò mi bí ẹni tí ibà mú.
Ìpè mọ́kàndínlógún.
N kò gbé ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà lo kọ̀wé sí àna mi.
O fi fọ́tò mi sí i, èyí tí mo yà nígbà ìkómọ,
o kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ẹ bá wa wá olè yìí.

Bùsúyì,
gbèsè ni mo jẹ. N kò jalè.
Àárín àwọn méjèèjì jìn ju Ìkọ̀lé sí Èkó lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ṣílẹ̀kùn lónìí.
Ojú lọ̀rọ̀ wà, kò sí nínú fóònù.
Bọ́ bàtà rẹ bó bá wù ọ́,
bí kò bá wù ọ́, máa wọ̀ ọ́ bọ̀.
Omi rèé. Kì í ṣe rìbá, omi ni.

Mo yá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án náírà,
mo fi gbin ìrẹsì sí àkùrọ̀ ọ̀nà Ọ̀yẹ́.
Òjò rọ̀. Ajílẹ̀ balẹ̀. Ìrẹsì yọrí.
Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká kórè, ẹ̀gà dé.
Wọ́n pọ̀ débi pé igi tí wọ́n bà lé tẹ̀.
Mo lu agolo, mo ta àwọ̀n, mo sunkún.
Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jẹun.
Ẹ̀gà jẹ ìrẹsì mi, kò buwọ́ lùwé;
èmi tí mo buwọ́ lùwé, n kò tọ́ ọ wò.

N kò sọ èyí kí o lè bá mi sunkún.
Mo mọ̀ pé ìwọ náà lọ́gàá,
pé bí o bá tọwọ́ òfìfo padà,
orúkọ rẹ ni wọn ó pè ní ìpàdé ọjọ́ Ajé.
Ẹni tó yá egbèje tí kò san án,
ó bégi dínà ẹgbẹ̀fà;
igi sì ti pọ̀ lọ́nà mi tẹ́lẹ̀.
N ó san.
Àmọ́ kì í ṣe lónìí, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Wo ìwé yìí, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́:
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, lọ́rọọrún ọjà,
nínú owó ẹ̀gẹ́ tí mò ń bá wọn bó.
N kò kọ mẹ́wàá.
Bí mo bá kọ mẹ́wàá, inú rẹ á dùn lónìí,
èmi á sì padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Èlé tó ń gun orí èlé,
bá mi bi ọ̀gá rẹ bóyá ó lè dá a dúró.
Bó bá kọ̀, wá sọ fún mi lójú mi.
Kọ́bọ̀ tí mo bá san, já rìsíìtì rẹ̀ fún mi.
Má pe àna mi mọ́.
Má sì wá lẹ́yìn tílẹ̀ bá ṣú,
ẹ̀rù máa ń ba Ọmọ́yẹni.

O mu omi náà tán, o ká ìwé sápò.
"Mi ò lè ṣèlérí," lo wí.
Ó dára. Èmi náà ti ṣèlérí jù.

O bá ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fòkúta ṣeré.
O bi í, bí ẹni tó ń ṣàwàdà:
"Yèyé rẹ ńkọ́?"
Ó kọ́kọ́ wojú mi.
Mo ní kó wí i bó ṣe rí.
"Àwọn wà nulé."