Igo Ojú Fèrèsé

Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá mi fi bá Ògúnlẹ́yẹ ṣẹjọ́
ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ l'Ẹ́fọ̀n,
nítorí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta,
nítorí pèrègún kan tí ẹnì kan hú lóru tó lọ rì í síbòmíràn.
Àpò kòkó di owó lọ́yà.
Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn
ilẹ̀dú ń sọ̀ kalẹ̀ láti oko Ògúnlẹ́yẹ,
ó ń gba oko wa kọjá, ó ń he tiwa mọ́ ọn,
ó ń lọ sódò Ìṣàrà.
Kò gba ìwé ìpè. Kò wo pèrègún.

Wọ́n ní omi tí ẹni máa mu kò ní í ṣàn kọjá ẹni.
Ẹni tó pa òwe yẹn,
kò jọ pé oko rẹ̀ wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Ìbíwùmí dé, tòun ti bàtà róbà,
ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ rán wá.
Kò béèrè ta ló ni ilẹ̀.
Ó ní, "Níbo ni òjò yín ti ń bẹ̀rẹ̀?"
Bàbá rẹ́rìn-ín, ó nàka sójú ọ̀run.
"Rárá o, sà. Orí ilẹ̀ ni mò ń wí."

A bá a gòkè. Èmi ni mo ru ọ̀pá ìwọ̀n.
Ògúnlẹ́yẹ ń tẹ̀ lé wa lókèèrè bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́.
A kọjá ìdí kòkó, a kọjá ibi tí yangí ti yọ eyín,
a kọjá ọ̀gbun tí màlúù Bòdèjó já sí lọ́dún èṣí,
títí a fi dé góńgó orí òkè,
níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ gba fìlà lórí bàbá.
Ó fi eyín ya ọ̀rá omi, ó da díẹ̀ sórí àpáta.
Omi náà kọ́kọ́ rò ó.
Ó wá pín sí méjì:
apá kan kọjú sí wa,
apá kejì gba ẹ̀yìn òkè
lọ bá odò àwọn tí a ò mọ orúkọ wọn.
"Gbogbo ibi tí òjò ti ń kọjú síhìn-ín,
oko kan ṣoṣo ni."
Bàbá wo Ògúnlẹ́yẹ. Ògúnlẹ́yẹ wo bàtà rẹ̀.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó so igi mẹ́ta pọ̀,
ó fi òwú so òkúta rọ̀ láàárín wọn.
Ibi tí òkúta bá ti dákẹ́, a ó kan èèkàn.
Èèkàn ń lọ kọ́lọkọ̀lọ bí ipa ìgbín,
ó gba ẹ̀gbẹ́ pèrègún kọjá láì kí i.
Ó ní poro wa tó dojú kọ ìsàlẹ̀,
títì la là fún ọ̀gbàrá.
Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá tòun ṣe ń kọ ọ́,
pé ìyẹn ni kì í pa ìbàdí.
Ọmọ náà ò jiyàn.
Ó dúró de òjò ọ̀sán, ó bu igo kan nínú odò,
ó gbé e ka ojú fèrèsé wa, ó lọ.

Lọ́jọ́ kìíní ó rí bíi tíì oníwàrà.
Lọ́jọ́ kẹta yanrìn ti jókòó, amọ̀ ti jókòó lé e,
lórí amọ̀, ohun dúdú kan
tí kò nípọn ju èékánná lọ.
Bàbá fi òwú wọ̀n ọ́n.
Kò sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán.

Nígbà tí oṣù Ẹrẹ́nà dé, àwọn méjèèjì jọ kọ ebè ìdábùú,
wọ́n gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó tẹ̀ lé èèkàn.
Wọ́n ṣì ń jà: ta ni yóò ká a?
Òjò àkọ́rọ̀ dé lóru. Bàbá mú tọ́ọ̀ṣì jáde.
Ó ní omi dé ìdí ọ̀pẹ̀ òyìnbó,
ó dúró bí àna tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà,
ó wá ń rì wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Lápá ọ̀tún, ó já gbà.

Igo ṣì wà níbẹ̀. Ìyá mi fẹ́ fi rọ epo,
bàbá kọ̀.
Ó ní ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yẹn,
oko òun ni.