Òṣùwọ̀n Dùgbẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi wọn kòkó
ní ilé ìkẹ́rù kan lẹ́yìn rélùwéè Dùgbẹ̀.
Bí àpò bá wúwo ju bí ojú ti rí i lọ,
á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá,
á máa wá òkúta.
Ó sábà máa ń rí i:
yanrìn tútù, òkúta wẹ́wẹ́,
nígbà kan, irin kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ewé kókò wé.

Lálẹ́ yìí iná ti lọ láti Mọ́kọ́lá dé Yemẹtú.
Mo wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
àwọn páànù tó ti dógùn-ún sùn lọ salalu nísàlẹ̀.
Lókè, agbo ìràwọ̀ ń yí.
Àwọn tó wà létí agbo, níbi tí òòfà ti yẹ kó rẹ̀,
tó yẹ kí wọ́n máa wọ́ ẹsẹ̀,
wọ́n ń sáré bí àwọn ti àárín.
Ta ló ń fà wọ́n?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínyoòyè ní, "Òkúta wà nínú àpò.
A kò tíì fọwọ́ bà á ni."
Wọ́n ti ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ tipẹ́,
nínú kòtò ìwakùsà, lábẹ́ òkè,
ọwọ́ ń padà lófo.

Mo wá rántí àárọ̀ kan tí òjò ṣú.
Bàbá mi da àpò kékeré kan sórí ẹní,
ó ṣà á bí ẹni ṣa ẹ̀wà.
Kò sí òkúta.
Ó dìde, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò,
ó yíjú sí òṣùwọ̀n.
Òṣùwọ̀n tí gbogbo oníkòkó fi ń búra!
Ó gbé àpò ńlá lé e: òótọ́ ló sọ.
Ó bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e:
irọ́.
Ibi tí ẹrù bá ti fúyẹ́ ló ti ń ṣìnà.

Ohun tí mò ń kọ láti ọdún mẹ́ta nìyẹn:
bóyá òfin òòfà gún régé nítòsí oòrùn,
kó má gún mọ́ níbi tí fífà ti tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn.

Kò rọrùn. Ẹni tó yí òfin fún etí agbo
ti fọwọ́ kan ikùn gbogbo ìràwọ̀.
Mo fi nọ́ńbà kan kún un,
ìràwọ̀ pupa kan wú, ó tutù ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.
Mo yọ díẹ̀,
òkú ìràwọ̀ tó yẹ kó dúró jẹ́ẹ́ wó sínú ara rẹ̀.
Lọ́dún kan ẹ̀wẹ̀, òkú ìràwọ̀ méjì forí sọra lọ́nà jíjìn;
ìgbì òòfà àti ìmọ́lẹ̀ jọ rìn wá,
kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì tó là wọ́n nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀.
Ọ̀pọ̀ àbá kú lọ́jọ́ náà láìsí ìsìnkú.
Tèmi yè é. Ó ń tiro.

Ọ̀gá Ọlátẹ́jú ní kí bàbá mi lọ sinmi nílé.
Ó lo ọjọ́ mẹ́ta láìgba owó.
Nígbà tó padà, wọ́n ti tún òṣùwọ̀n ṣe,
síbẹ̀ ó ṣì ń ki ọwọ́ bọ àpò.
Mo bi í. Ó ní, "Ṣé olè ti tán ni?"

Iná dé. Ariwo sọ ní Yemẹtú,
ìràwọ̀ sì wọlé lọ.
Mo wá bírò mi nínú òkùnkùn ẹsẹ̀ àga,
ọwọ́ mi wọ̀ ọ́ dé ìgúnpá.